Ìwọ̀n Ọ̀nà láti Sàmárù

Aago méjì òru. Ọyẹ́ ti fi eruku di ojú fèrèsé,
ó jókòó sórí kọ̀ǹpútà bí àlejò tí kò mọ̀gbà tí ilẹ̀ ń ṣú.
Mo di ọ̀rọ̀ kékeré kan, mo rán an láti Sàmárù sí Kánò,
Kánò tí mo lè wọkọ̀ lọ ní kùtù
kí n sì padà wá bá oúnjẹ ọ̀sán mi ní gbígbóná.
Mo ní, "Kan ilẹ̀kùn wọn lẹ́ẹ̀kan, kí o máa bọ̀."
Mo wá ń ka oríta tó yà sí.

Ó gba Kàdúná. Ó gba Àbújá.
Ó dé Èkó, kò dúró, ó bọ́ sínú òkun,
ó rìn nísàlẹ̀ omi níbi tí ẹja kò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń kọjá,
ó yọ ní Lọ́ńdọ̀nù,
ó kí ẹ̀rọ kan tí kò gbọ́ orúkọ wa rí,
ó tún wọ omi padà
kó tó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò.
Ta ní í rán ọmọ lọ bu iná wá nílé kejì
tí ọmọ náà á gba ìlú òyìnbó?

Zúlàí ní, "Mélòó?"
Mo ní, "Igba ó lé mẹ́rìndínlógún."
Ìpéǹpéjú kò tíì pàdé tán, ó ti lọ, ó ti bọ̀.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹlẹ́yìn pupa
torí kò fọkàn tán iná ìjọba,
kò sì fọkàn tán jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ilé.

Ìyá mi pè láti Ìkàrẹ́ lánàá:
"Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"
Mo ní mò ń wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pẹ́ lọ́nà.
Ohùn rẹ̀ já, ó so, ó tún já.
"Wọ́n ń... wó fún un?"
Mo kọ aago tó já sílẹ̀.

Lóṣù àwẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn wa,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà láàárín ìṣáì àti sààrì.
Ó dán orúkọ ọ̀gá wò, ó dán ọdún tí wọ́n dá ẹ̀ka wa sílẹ̀,
ó dán oókan-eéjì-ẹẹ́ta wò, bí ọmọdé tó ń ka òkúta.
A ti fi òfin mọ ògiri, a kọjú rẹ̀ sí ìta,
a ń ṣọ́ Rọ́ṣíà, a ń ṣọ́ Ṣáínà.
Zúlàí tọ ipasẹ̀ náà títí,
ó bá a dé yàrá akápò, lábẹ́ káléńdà àtijọ́:
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni.
Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.
Àwọn àgbà ti sọ tẹnu wọn nípa ikú ilé,
n kò ní í tún un sọ.

Nígbà tí katakátá àwọn aṣọ̀nà gé wáyà ní Kwángílà,
ìlà orí àwòrán wa dùbúlẹ̀ gbalaja fọ́jọ́ mẹ́ta.
Mo fẹ́ fò ó. Zúlàí kọ̀.
Ó ń kọ òdo, òdo, òdo, ní wákàtí wákàtí,
ó ní ẹni tí a pè tí kò dáhùn
ti sọ nǹkan.

Mo jáde lọ yáná lọ́dọ̀ Malam Audi lẹ́nu géètì.
Òun náà ní ìwé, ó ń fi àjàmí kọ ọ́:
ta ló wọlé, ta ló jáde, ta ló pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.
Ó bi mí bóyá a mú olè náà.
Mo ní a yọ wáyà rẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, ó sún igi síwájú nínú iná.

Aago márùn-ún ti lù. Mo tún di òmíràn, mo rán an.
Kánò, ṣé ẹ ti jí?
Igba ó lé mọ́kàndínlógún.
Zúlàí ti sùn sórí ìwé. Mo rọra fa bírò lọ́wọ́ rẹ̀.